Kànga Wa Kò Rùn Mọ́: Ṣé Omi Rẹ̀ Ti Ṣeé Mu?

ÌBÉÈRÈ

Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni mí, Ìjẹ̀bú-Igbó ni mò ń gbé. Ilé epo kan wà lápá òkè àdúgbò wa nígbà kan. Wọ́n ti tì í pa tipẹ́, ẹni tó ra ilẹ̀ náà sì ti hú àwọn tánkì tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ níbẹ̀ jáde. Kí wọ́n tó hú wọn, omi kànga mi máa ń rùn bí epo bẹntiróòlù. Bí òjò bá ti rọ̀ dáadáa ni òórùn náà á dé. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá mú, a kò ní gbọ́ ọ mọ́. Láti ìgbà tí wọ́n ti hú tánkì, a kò gbúròó òórùn kankan, inú wa sì dùn.

Àmọ́ wọ́n tún kó àwọn kan wá. Wọ́n gbẹ́ ihò tóóró mélòó kan yí ilẹ̀ náà ká, wọ́n ki páìpù bọ inú wọn, wọ́n dé e, wọ́n sì fi àgádágodo tì í. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń wá bu omi níbẹ̀ lọ. Mo bi wọ́n, wọ́n ní àyẹ̀wò ni. Bí epo bá ti tán, kí ni wọ́n tún ń yẹ̀ wò? Àwọn ayálégbé mi ń bèèrè bóyá àwọn lè máa mu omi kànga. Ìyàwó mi ní kí a máa sè é kí a tó mu ún. Aládùúgbò wa ní kí a da álọ́ọ̀mù àti klorín sí i.

Ọmọbìnrin mi ní ilé tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé ní Ago-Ìwòyè. Kànga ẹ̀rọ ni wọ́n ń lò níbẹ̀, ilé epo tó ti kógbá wọlé sì wà ní òdìkejì títì. Àbúrò mi ní tirẹ̀ fẹ́ ra ilẹ̀ kan ní Abígí, ní Ogun Waterside, tí tánkì ilé epo àtijọ́ ṣì wà nínú rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ là wá lọ́yẹ̀.

Bàbá Olùkọ́, Ìjẹ̀bú-Igbó

ÌDÁHÙN

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dáhùn èyí tó kánjú. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe mu omi kànga yẹn, kí wọ́n má sì fi se oúnjẹ, títí èsì àyẹ̀wò léraléra yóò fi hàn lórí ìwé pé ó ṣeé mu. Imú kò tó adájọ́ nínú ọ̀ràn yìí. Nínú bẹntiróòlù ni èròjà kan wà tí wọ́n ń pè ní benzene. Bí ènìyàn bá ń mu ún fún ìgbà pípẹ́, ó lè ba ibi tí ara ti ń ṣe ẹ̀jẹ̀ jẹ́, ó sì lè fa jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀. Òṣùwọ̀n tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi lélẹ̀ fún un nínú omi mímu ni máíkírógíráàmù 10 nínú lítà kan. Bí a bá pín gíráàmù kan sí ọ̀nà mílíọ̀nù kan, ìpín kan ni máíkírógíráàmù kan. Kí imú tó mọ̀ pé benzene wà nínú omi, á ti kọjá òṣùwọ̀n yìí ní ọ̀pọ̀ ìgbà.

Ẹ wo bí ó ṣe kéré tó. Lítà bẹntiróòlù kan wọn nǹkan bí gíráàmù 740. Bí ìdá kan péré nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ bá jẹ́ benzene, gíráàmù 7.4 nìyẹn. Ìwọ̀nba yẹn tó láti gbé omi 740,000 lítà dé ojú òṣùwọ̀n, ìyẹn tánkà omi oní 10,000 lítà mẹ́rìnléláàádọ́rin. Lítà kan péré ni mo ń sọ o.

Sísè, álọ́ọ̀mù àti klorín

Ìyàwó yín rò ó dáadáa, nítorí sísè ló ń pa kòkòrò inú omi. Epo kì í ṣe kòkòrò. Bí ẹ bá ń se omi tí bẹntiróòlù wà nínú rẹ̀, ooru á lé apá kan rẹ̀ sínú afẹ́fẹ́, àwọn tó wà ní ilé ìdáná ni yóò sì fà á símú. Bí epo inú omi náà bá pọ̀, iná lè gbá a. Álọ́ọ̀mù ń mú kí ẹrẹ̀ inú omi rọ̀ sísàlẹ̀, klorín ń pa kòkòrò, kò sí èyí tó mú epo kúrò nínú méjèèjì. Èédú tí wọ́n ṣe ní àkànṣe fún sísẹ́ omi lè mú un, ṣùgbọ́n ó máa ń kún. Bí ó bá kún tí ẹ kò pààrọ̀ rẹ̀, omi á kàn gba ibẹ̀ kọjá lásán ni. Nítorí náà kò yẹ kí ẹ gbẹ́kẹ̀ lé e láìsí àyẹ̀wò.

Ní báyìí ná, ẹ ra omi mímu tó ní nọ́ńbà NAFDAC, tàbí kí ẹ pọn ọ́n láti kànga tó jìnnà sí ilẹ̀ epo náà tí wọ́n sì ti yẹ̀ wò. Omi òjò náà dára, bí ẹ bá ti jẹ́ kí òjò kọ́kọ́ fọ páànù. Bí òórùn bá padà dé, kí ẹnikẹ́ni má wọ inú kànga láti fọ̀ ọ́, torí atẹ́gùn epo inú rẹ̀ lè pa ènìyàn. Ẹ má ṣáná síbẹ̀ láti mọ̀ bóyá epo ni. Ẹ má gbé jẹnẹrétọ̀ sún mọ́ ẹnu kànga.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lábẹ́ ilẹ̀

Irin ni ọ̀pọ̀ tánkì ilé epo àtijọ́. Bí irin bá pẹ́ nínú ilẹ̀ olómi, á dípẹtà, á lu níbi tí kò hàn sójú, tàbí kí oríkèé páìpù tó so mọ́ ọn bẹ̀rẹ̀ sí í jò. Tánkì oní 33,000 lítà wọ́pọ̀ ní ilé epo wa. Bí irú rẹ̀ bá ń jo lítà méjì péré lójúmọ́, lítà 730 ni yóò ti dànù lọ́dún kan, ọ̀pá tí wọ́n fi ń wọn epo kò sì ní tètè tú u fó.

Epo tó jò yìí á máa rin ilẹ̀ lọ sísàlẹ̀ títí yóò fi bá omi. Ó fúyẹ́ ju omi lọ, nítorí náà á léfòó sórí rẹ̀ bí epo pupa lójú ọbẹ̀. Apá kan rẹ̀, tí benzene wà nínú rẹ̀, á yọ́ wọ inú omi, á sì máa bá omi lọ. Apá mìíràn á lẹ̀ mọ́ erùpẹ̀.

Èyí tó lẹ̀ mọ́ erùpẹ̀ ló ń fa ohun tí ẹ rí. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ojú omi abẹ́ ilẹ̀ á lọ sílẹ̀, epo á tẹ̀ lé e, á sì fi ara rẹ̀ pa erùpẹ̀ bí ó ti ń lọ. Nígbà tí òjò bá dé, omi á gòkè padà, á wọ inú erùpẹ̀ tó ti fa epo mu, yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í fọ̀ ọ́. Ìdí rèé tí kànga yín fi ń rùn nígbà òjò. Ó sì jẹ́ ìdí tí húhú tánkì kò fi parí ọ̀rọ̀. Wọ́n ti gbé ohun tó ń jò kúrò, ó ku erùpẹ̀ tó ti mu epo tẹ́lẹ̀. Ẹ bi wọ́n pé: erùpẹ̀ tó wà lábẹ́ tánkì ńkọ́? Ṣé wọ́n kó o? Ibo ni wọ́n kó o lọ? Bí wọ́n bá ti fi di kòtò ní àdúgbò mìíràn, ìṣòro náà ti ṣí lọ síbẹ̀ nìyẹn.

Kí ni àwọn páìpù yẹn wà fún?

Kànga ìṣọ́ ni wọ́n. Ẹ jẹ́ kí inú yín dùn pé wọ́n gbẹ́ wọn, ọ̀pọ̀ ilé epo ló ti kógbá wọlé tí ẹnikẹ́ni kò gbẹ́ ẹyọ kan síbẹ̀. Omi abẹ́ ilẹ̀ ní ibi tó dorí kọ. Ó sábà máa ń tẹ̀ lé ìdagẹ̀rẹ̀ ilẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìgbà gbogbo. Láti mọ̀ ọ́n dájú, ó kéré tán, kànga ìṣọ́ mẹ́ta tí kò sí lójú ìlà kan náà ni a nílò. A ó wọn bí omi ṣe jìn tó nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, a ó sì rí ìhà tí omi ń ṣàn sí. Ọ̀kan gbọ́dọ̀ wà lókè ìṣàn omi náà, níbi tí epo kò dé, kí a lè mọ bí omi àdúgbò ṣe rí kí epo tó bà á jẹ́. Àwọn yòókù á wà nísàlẹ̀, láàárín ilẹ̀ epo àti kànga àwọn ènìyàn. Bí ilé yín bá wà ní apá ìsàlẹ̀, tí kò sì sí kànga ìṣọ́ kankan láàárín yín àti ilẹ̀ náà, ẹ ní ẹ̀tọ́ láti béèrè fún un.

Ẹ tún máa wo bí wọ́n ṣe ń bu omi. Ẹni tó mọ iṣẹ́ á kọ́kọ́ wọn ìjìnlẹ̀ omi àti bóyá epo léfòó lójú rẹ̀. Lẹ́yìn náà á fa omi tó ti dúró tipẹ́ nínú páìpù dànù, kí ó tó bu èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé láti inú ilẹ̀. Ìgò díńgí kékeré ni yóò bu ún sí, á kún dé ẹnu débi pé kò ní sí afẹ́fẹ́ nínú rẹ̀, torí benzene máa ń fò lọ. Yìnyín ni yóò fi gbé e dé ilé àyẹ̀wò, kò sì gbọdọ̀ ju ọjọ́ mẹ́rìnlá lọ kí wọ́n tó yẹ̀ ẹ́ wò, bí wọ́n bá tilẹ̀ ti fi ásíìdì díẹ̀ sí i. Ẹni tó bá fi ike omi tútù bu tirẹ̀, tó gbé e sínú bọ́ọ̀tù mọ́tò láti àárọ̀ di ọ̀sán, èsì rẹ̀ á dára ju bí omi ṣe rí gan-an lọ.

Bí a ṣe ń ka èsì

Nǹkan mẹ́rin ni kí ẹ wò lórí ìwé tí wọ́n bá fún yín.

Èkíní, kí ni wọ́n yẹ̀ wò? Ọ̀pọ̀ ilé àyẹ̀wò ló ń wo àwọ̀, iyọ̀, líle omi àti kòkòrò ìgbẹ́. Ìyẹn dára, àmọ́ kò sọ ohunkóhun nípa epo. Ẹ wá benzene, toluene, ethylbenzene àti xylene, àwọn mẹ́rin tí wọ́n máa ń kó pọ̀ pè ní BTEX.

Èkejì, òṣùwọ̀n wo ni wọ́n fi kọ ọ́? Bí wọ́n bá kọ 0.05 mg/L (mílígíráàmù nínú lítà kan), ojú á rí i bí ohun tó kéré. Ẹ sọ ọ́ di máíkírógíráàmù: 50 ni, ìlọ́po márùn-ún òṣùwọ̀n Àjọ Ìlera Àgbáyé.

Ẹ̀kẹta, bí wọ́n bá kọ ọ́ pé wọn kò rí i, ẹ béèrè ìwọ̀n tó kéré jù tí ẹ̀rọ wọn lè rí. Bí ẹ̀rọ náà kò bá lè rí ohun tó dín sí 50, a jẹ́ pé 40 lè wà níbẹ̀ kí wọ́n sì kọ ọ́ pé kò sí.

Ẹ̀kẹrin, òfin wo ni wọ́n fi ń díwọ̀n? Ìlànà ìjọba àpapọ̀ lórí àyíká fún iṣẹ́ epo, tí wọ́n ń pè ní EGASPIN, ní máíkírógíráàmù 600 nínú lítà kan gẹ́gẹ́ bí ìwọ̀n epo tí omi abẹ́ ilẹ̀ bá ti dé tí àtúnṣe fi di dandan. Àtúnṣe ilẹ̀ ni wọ́n torí rẹ̀ fi nọ́ńbà yẹn lélẹ̀, a kì í fi í díwọ̀n omi mímu. Bí ẹnì kan bá sọ fún yín pé omi yín ti wà lábẹ́ òfin, ẹ bi í pé ti àtúnṣe ni àbí ti mímu.

Ago-Ìwòyè: orí àpáta

Kànga ọmọbìnrin yín ló yàtọ̀. Orí àpáta àtijọ́ ni Ago-Ìwòyè wà, bíi ti Ìjẹ̀bú-Igbó. Kànga tí a fi ọwọ́ gbẹ́ ń mu omi inú erùpẹ̀ tó bo àpáta lórí. Kànga ẹ̀rọ ń lọ sísàlẹ̀ láti wá omi ibi tí àpáta ti sán. Nínú iyanrìn, omi tí epo bà jẹ́ kì í sábà rìn jìnnà. Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní California lọ́dún 1995 lórí ọ̀pọ̀ tánkì tó jò fi hàn pé púpọ̀ jù lọ nínú wọn kò kọjá nǹkan bí mítà 80. Kí ọmọ yín má fi ìyẹn tu ara rẹ̀ nínú, nítorí ojú sísán inú àpáta ni omi ń tọ̀, a kò sì lè dúró lókè kí a mọ ibi tó gbà. Kànga tó wà nítòsí lè bọ́, kí èyí tó jìnnà fara gbá a.

Ohun kejì ni pé ilé akẹ́kọ̀ọ́ ń lo omi púpọ̀. Bí ẹ̀rọ bá ń fa omi láti àárọ̀ di alẹ́, ó lè fa èyí tí epo wà nínú rẹ̀ gba abẹ́ títì kọjá wá sọ́dọ̀ ara rẹ̀. Kí ó bi ẹni tó gbẹ́ kànga náà pé báwo ni páìpù òkè ṣe jìn tó, àti bóyá wọ́n fi sìmẹ́ǹtì dí àyíká rẹ̀. Kí ó sì yẹ omi náà wò fún BTEX lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, nígbà tí òjò bá pọ̀ jù àti nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn bá mú jù. Yunifásítì Ọlábísí Ọnàbáñjọ wà ní ìlú náà láti ọdún 1982, wọ́n sì ń kọ́ni ní ìmọ̀ nípa ilẹ̀ àti àpáta. Kí ó tọ̀ wọ́n lọ fún ìmọ̀ràn.

Abígí: ilẹ̀ iyanrìn, omi tó súnmọ́

Ní Ogun Waterside, iyanrìn àti ẹrẹ̀ ẹ̀bá ọ̀sà ló wọ́pọ̀, omi kì í sì í jìn sójú ilẹ̀. Tánkì tí wọ́n rì síbẹ̀ lè máa jókòó sínú omi gan-an, kò sì sí erùpẹ̀ púpọ̀ tí yóò dá epo dúró lọ́nà. Tánkì òfìfo tilẹ̀ lè léfòó gòkè bí omi bá kún abẹ́ rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé kí a gbẹ́ kànga jìn sí i kí a bọ́, nítorí ní ẹ̀bá ọ̀sà àti òkun, omi iyọ̀ lè wà nísàlẹ̀.

Kí àbúrò yín má sanwó kankan kí wọ́n tó yẹ erùpẹ̀ ẹ̀gbẹ́ tánkì àti omi abẹ́ rẹ̀ wò. Kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn pé ta ni yóò hú tánkì, ta ni yóò san owó àtúnṣe, ta ni yóò máa san owó àyẹ̀wò lẹ́yìn náà. Kí wọ́n má pe wẹ́dà lásán wá gé tánkì náà. Òfìfo tánkì ní atẹ́gùn epo nínú, iná wẹ́dà sì lè mú kí ó bú gbàù.

Títí di ìgbà wo?

Ibi tí a ti fi ọ̀ràn yìí sílẹ̀ fún ọjọ́ pípẹ́ láti tún ara rẹ̀ ṣe, a rí ohun tó yọrí sí. Ní ọdún 2011, àjọ UNEP ti Ìṣọ̀kan Àgbáyé gbé ìwádìí rẹ̀ lórí ilẹ̀ Ògóní tí epo ti bà jẹ́ jáde. Ní Nisisioken Ogale, ní Ìpínlẹ̀ Rivers, nítòsí páìpù NNPC, benzene inú omi kànga tí àwọn ènìyàn ń mu kọjá òṣùwọ̀n Àjọ Ìlera Àgbáyé ní ìlọ́po tó lé ní 900. Epo tó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà mẹ́jọ ló léfòó lórí omi abẹ́ ilẹ̀, wọ́n sì sọ pé ó ti lé ní ọdún mẹ́fà tí epo náà ti dànù. Ní ilẹ̀ Yorùbá níhìn-ín, àwọn ará Bàrúwà, ní agbègbè Ìpájà l'Ékòó, ti ké fún ohun tó lé ní ogún ọdún nítorí epo páìpù tó wọ inú kànga wọn. Ẹni tó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n.

Ọ̀ràn náà kì í sì í ṣe èyí tí kò ní àtúnṣe. Ọdún 1984 ni Amẹ́ríkà ṣòfin lórí tánkì abẹ́ ilẹ̀. Ibi tí wọ́n ti rí epo jíjò láti ìgbà náà lé ní 500,000, wọ́n sì ti tún púpọ̀ jù lọ ṣe. Àwọn kòkòrò tíntìntín kan wà nínú ilẹ̀ tí wọ́n ń jẹ epo. Bí a bá ti kó èyí tó pọ̀ kúrò, wọ́n lè jẹ ìyókù díẹ̀díẹ̀. A kò lè mọ̀ bóyá wọ́n ń ṣe é àfi kí a máa yẹ omi wò. Ní tèmi, ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ́dún ló yẹ kí ó bẹ̀rẹ̀. Bí èsì ọdún méjì gbáko, ti òjò àti ti ẹ̀ẹ̀rùn, bá fi hàn léraléra pé omi wà lábẹ́ òṣùwọ̀n mímu, nígbà náà ni mo lè sọ pé kí ẹ mu ún. Èsì ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, pàápàá ti ẹ̀ẹ̀rùn, kò tó.

Ta ni kí ẹ sọ fún?

Láti ìgbà òfin epo rọ̀bì ọdún 2021, NMDPRA ni àjọ tó ń bójú tó ilé epo, òun ló gba ipò àjọ DPR àtijọ́ lórí ọ̀ràn yìí. NOSDRA, tí òfin ọdún 2006 dá sílẹ̀, ló ń bójú tó epo tó bá dànù. Ẹ má fi àkókò ṣòfò lọ́dọ̀ NESREA, àjọ àyíká ti ìjọba àpapọ̀, torí òfin rẹ̀ yọ iṣẹ́ epo sílẹ̀. Ẹ kọ lẹ́tà sí NMDPRA àti NOSDRA, kí ẹ fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ tó ń dáàbò bo àyíká ní Ìpínlẹ̀ Ògùn àti sí ìjọba ìbílẹ̀ Àríwá Ìjẹ̀bú tó wà ní Ìjẹ̀bú-Igbó níbẹ̀. Ẹ kọ ọjọ́ tí òórùn bẹ̀rẹ̀ àti oṣù tó máa ń le jù. Ẹ sọ iye ilé tó ń pọn omi níbẹ̀. Bí ẹ bá kọ ọ́ lórúkọ ẹgbẹ́ onílé àdúgbò, wọn kò ní lè fọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn bí ìgbà tí ẹ bá dá nìkan kọ ọ́.

Bàbá, ẹ má di kànga yín pa. Ẹ dé e, ẹ kọ ọ́ sára rẹ̀ pé a kì í mu ún, kí ẹ sì gbà wọ́n láyè kí wọ́n máa bu omi níbẹ̀ kún ti àwọn páìpù yẹn. Lẹ́yìn náà, ẹ pe àwọn onílé jọ kí òjò tó bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ dáadáa, kí ẹ lọ bá ẹni tó ni ilẹ̀ náà, kí ẹ sì béèrè ẹ̀dà gbogbo èsì àyẹ̀wò tí wọ́n ti ṣe. Títí èsì àyẹ̀wò léraléra yóò fi hàn pé ó ṣeé mu, ẹ má fi omi kànga yín fún ọmọ ẹnikẹ́ni mu.